Bí a ṣe ń ṣètò ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta sí etíkun Northumberland kí òkun má baà dá wa padà

Mo mọ ọ̀pọ̀ ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, Leeds àti Manchester tí wọ́n ti wa ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lọ sí etíkun Northumberland, ní ìhà àríwá pátápátá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì padà wálé láìfi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n torí rẹ̀ kúrò nílé. Ibi tí mò ń sọ ni erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Holy Island, èyí tí orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ń jẹ́ Lindisfarne. Títì kan ṣoṣo ló dé ibẹ̀, òkun a sì máa bo títì náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ní ọdún tí àwa kọ́kọ́ lọ, ọ̀sán gangan ni a dé Beal, níbi tí títì náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, kúlà ìrẹsì wà lórí itan wọn. Títì tí a ń bá bọ̀ lọ tààrà, ó wọ inú omi, a ò sì rí i mọ́. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò bi ẹnikẹ́ni kí ẹ tó kó wa wá ni?" Inú ọkọ̀ la ti jẹ ìrẹsì wa, a sì yí padà.

Ohun tó kó wa sí wàhálà ni pé a ti sanwó yàrá, a ti yan ọjọ́, a ti pín iṣẹ́ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a tó rántí wo àkókò òkun. Ìtọ́sọ́nà yìí gba ọ̀nà òdìkejì: òkun ni yóò kọ́kọ́ yan ọjọ́, àwọn nǹkan tó kù yóò wá tẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ ó nílò

Ẹ nílò àtẹ àkókò ìkọjá Holy Island, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ Northumberland ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ nílò ọkọ̀ tí epo rẹ̀ kún dáadáa, tàbí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tí ẹ bá fẹ́ràn ìyẹn jù. Ẹ mú ẹ̀wù tí atẹ́gùn kì í gbà wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kódà bó ṣe oṣù Keje ni ẹ ń lọ, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ kì í mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ mú bàtà tí ẹ lè fi rìn nínú koríko tútù, fìlà (màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú), kúlà oúnjẹ, omi, àti máàpù tí ẹ ti gbà sórí fóònù ṣáájú, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa sá ní ibi púpọ̀ lẹ́bàá òkun yẹn.

Ọ̀rọ̀ káàdì ọmọ ẹgbẹ́ náà máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ẹgbẹ́ méjì tó ń tọ́jú àwọn ibi àtijọ́ ni mò ń sọ, English Heritage àti National Trust. Káàdì English Heritage ń ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn mọ́ńkì tó wà ní Holy Island. Ti National Trust ń ṣiṣẹ́ ní ilé olódi erékùṣù náà. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní ilé olódi Dunstanburgh. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé olódi Bamburgh tàbí ti Alnwick, nítorí àwọn ìdílé kan ló ni wọ́n. Owó ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó san níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà nínú ilé, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka àtẹ àkókò kí ẹ tó sanwó ohunkóhun

Ẹ ṣí àtẹ náà, kí ẹ wo ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ní lọ́kàn. Lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àsìkò tí títì ṣí àti àsìkò tí ó tì. Lọ́pọ̀ ọjọ́, ẹ ó rí ìgbà méjì tó ṣí, ọ̀kan sì lè bọ́ sí òru. Bí òkun bá ti kún, títì a máa wà lábẹ́ omi fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, kó tó tún gbẹ. Àkókò náà kì í dúró sójú kan: lójoojúmọ́ ló ń sún síwájú, ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 50. Ohun tí aládùúgbò yín sọ fún yín nípa ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Ká ní àtẹ kọ ọ́ pé títì ṣí láti aago 9:30 àárọ̀ títí di aago 5:10 ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tó dára nìyẹn fún ìdílé, torí pé ẹ lè wọlé, kí ẹ jẹun, kí ẹ rìn, kí ẹ sì jáde ní ojúmọmọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí, ọjọ́ náà kò bá ẹni tó kó ọmọdé lọ́wọ́ mu. Ẹ gbé erékùṣù sí ọjọ́ mìíràn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí kò bá sí ọjọ́ tó dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sún gbogbo ìrìn àjò náà sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

*Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í.* Àkọ́kọ́, wọ́n a lọ ka àtẹ ìkún àti ìfà òkun lásán, irú èyí tí àwọn apẹja ń lò, wọn a sì fi ojú ara wọn ṣírò ìgbà tí títì yẹ kó ṣí. Ẹ má ṣe é. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ lè máà ka wákàtí kan tí wọ́n ń fi kún aago nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí kan sì ti tó láti bo táyà mọ́lẹ̀. Èkejì, èyí tó burú jù, ni pé wọ́n a ka aago 5:10 sí àkókò tí wọ́n lè gbéra kúrò ní erékùṣù. Aago tí ẹ ti gbọ́dọ̀ wà ní òdìkejì ni. Ẹni tó bá tan iná ọkọ̀ rẹ̀ ní aago 5:10 ti pẹ́.

Láti mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí ti yọrí, ẹ ní kí ẹlòmíràn nínú ilé ka ọjọ́ kan náà láti inú àtẹ, láìwo ohun tí ẹ kọ. Bí àkókò yín bá dọ́gba, ẹ kọ ọ́ sí bébà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ibi tí ẹ ó sùn sí

Ibùsùn kan ti tó fún gbogbo rẹ̀, torí pé láti Alnwick dé Bamburgh kò tó máìlì 20, bẹ́ẹ̀ náà ni Bamburgh sí Holy Island. Seahouses ló rọrùn jù fún ẹni tó kó ọmọ lọ, nítorí ilé ìtajà wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí àwọn erékùṣù Farne. Bamburgh dára jù ú lọ láti wò, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ẹni tó bá rélùwéè lọ yóò rí Berwick-upon-Tweed gẹ́gẹ́ bí ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí pé ọkọ̀ tó ń ti King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ a máa dúró níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, ẹ má retí pé ẹ ó rí yàrá lójijì.

Ẹ ti ṣe é bó ṣe yẹ bí ẹ bá lè ti ibùsùn yín dé Beal láàárín ìṣẹ́jú 45.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí ẹ ó ṣe dé ibẹ̀

Ẹni tó ń wakọ̀ yóò gba títì ńlá A1 kọjá Newcastle. Ohun tó ń tan àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù jẹ ni pé, lẹ́yìn Morpeth, ọ̀nà náà kì í fẹ̀ délẹ̀délẹ̀ mọ́. Ní àwọn apá kan, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lo títì kan náà ni, bí ẹ bá sì ti bọ́ sẹ́yìn katakata, ẹ ó tẹ̀ lé e fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi ìdajì wákàtí kún ohun tí máàpù bá sọ.

Ẹni tó bá wọ rélùwéè, tí kò ní ọkọ̀, yóò máa fi bọ́ọ̀sì rìn láàárín àwọn ìlú náà, ó sì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó ń wọ Holy Island kì í ní àkókò kan pàtó lójoojúmọ́: òkun ló ń bá rìn, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí kì í lọ rárá. Ẹ wo ètò ọjọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lo ọjọ́ kan fún Craster àti Dunstanburgh

Ọjọ́ yìí ni ẹ lè sún síwá sẹ́yìn bó bá ṣe wù yín, torí pé òkun kò dí i lọ́nà. Bí ẹ bá ń wọ Craster, ẹ má wakọ̀ lọ sí èbúté. Abúlé kékeré ni, kò sí ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí níbẹ̀. Páàkì wà ní ẹnu ọ̀nà abúlé, nínú ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan. Ẹ gbé ọkọ̀ síbẹ̀, kí gbogbo yín sì lo ilé ìyàgbẹ́ tó wà níbẹ̀, torí pé ọ̀nà jìn níwájú.

Láti èbúté, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn ní etí òkun fún máìlì kan àti díẹ̀ kí ẹ tó dé ilé olódi Dunstanburgh, tí Thomas, balógun ilẹ̀ Lancaster tó ń bá ọba jà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1313. Kò sí títì ọkọ̀ kankan tó dé ibẹ̀. Koríko ni gbogbo rẹ̀, àgùntàn ló sì ni koríko náà, ẹ máa wo ilẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń rìn. Àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè jókòó sí èbúté: láti ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti lè rí àwókù ilé ìṣọ́ méjèèjì lókèèrè. Bí ẹ bá kọjá ilé olódi náà síwájú, ẹ ó bọ́ sí Embleton, etíkun tó gùn, tó rí bí ìdajì òṣùpá, tí iyanrìn rẹ̀ mọ́, tí ènìyàn kì í sì í pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má kúrò ní Craster láìra kippers. Ẹja tí àwọn ará Èkó ń pè ní ṣàwá ni. Wọ́n á la ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi èéfín igi oak yan án di àwọ̀ góòlù. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì le. Ìyá ìyàwó mi gbé ọ̀kan sókè, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní àwọn èèyàn yìí náà mọ ẹja í yan, wọ́n sì ra méjìlá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọjá sí Holy Island

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ tún àtẹ wò. Ẹ kúrò nílé nígbà tí ẹ ó fi lè dé Beal lẹ́yìn tí títì bá ti ṣí, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dé ṣáájú, ojú rẹ̀ á máa kán, á sì máa sọ fún ara rẹ̀ pé omi tó kù kò ju kókósẹ̀ lọ. Ẹ tún rántí pé ojú irin kan dábùú títì náà kí ẹ tó dé etí omi. Rélùwéè tó ń lọ láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Edinburgh ló ń gbà á kọjá, wọn a sì máa ti geeti fún wọn. Ìṣẹ́jú tí ẹ ó fi dúró síbẹ̀ wà lára àkókò yín, pàápàá nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọjá kí títì tó tì.

Bí ẹ bá ti wọ orí títì náà, ẹ ó dé afárá kan láìpẹ́. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀: ẹ ó rí yàrá onípákó funfun kan tó dúró lórí òpó gíga, tí àtẹ̀gùn gùn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Àgọ́ ààbò nìyẹn. Àwọn ọmọ á bi yín pé ta ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tí omi bá ká mọ́ ló ń sá gùn ún, kó máa wo bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń mu omi iyọ̀ nísàlẹ̀, títí ọkọ̀ agbẹ̀mílà yóò fi dé láti Seahouses. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ jáde níbẹ̀, ọkọ̀ ńlá tó ga ló sì máa ń tan àwọn mìíràn nínú wọn jẹ.

*Ẹ fetí sí ìkìlọ̀ yìí.* Bí ẹ bá rí omi lórí títì, ẹ má wọ̀ ọ́, ì báà ṣe pé ọkọ̀ iwájú yín wọ̀ ọ́. Apá ibi tí afárá náà wà ló rẹlẹ̀ jù, nítorí náà omi lè ti kún níbẹ̀ nígbà tí ibi tí ẹ wà ṣì gbẹ táútáú. Bí omi bá ká yín mọ́, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ gun àgọ́ ààbò, ẹ pe 999, kí ẹ sì sọ pé Coastguard, àwọn tó ń ṣọ́ etí òkun, ni ẹ fẹ́. Ọkọ̀ ṣeé rà.

Bí ẹ bá ti wọ erékùṣù, ẹ gbé ọkọ̀ sí páàkì ńlá tí ẹ ó kọ́kọ́ bá kí ẹ tó wọ abúlé. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 200, ọ̀nà àárín ilé wọn sì há. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí àwókù ilé àwọn mọ́ńkì. Mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Aidan ló dá ilé mọ́ńkì àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 635. Ibẹ̀ náà ni àwọn jàǹdùkú Viking kógun jà ní ọdún 793. Ẹ wo òkè níbẹ̀: nínú àjà tó wó, ìlà òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ṣì tẹ̀ bí òṣùmàrè láti òpó kan sí èkejì, tí kò sì sí nǹkan kan lókè rẹ̀ àfi ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn lọ sí ilé olódi tó wà lórí àpáta. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọkọ̀ apẹja àtijọ́ tí wọ́n dojú wọn dé, tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn, tí wọ́n sì gé ilẹ̀kùn sí wọn lára, tí wọ́n wá ń lò wọ́n bí àká ẹrù. Èmi fẹ́ràn wọn ju ilé olódi fúnra rẹ̀ lọ.

Erékùṣù kékeré mìíràn wà nítòsí abúlé, St Cuthbert's Isle, tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé nígbà tí òkun bá fà. Òkun a máa yí i ká pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré lọ síbẹ̀ nígbà tí àgbàlagbà kò wo aago.

Àwọn kan yóò fẹ́ fẹsẹ̀ kọjá láti Beal gba orí iyanrìn, ní ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò ìsìn ti ń gbà láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n fi òpó gíga sàmì sí. Ó tó máìlì mẹ́ta. Òkun gbọ́dọ̀ máa fà nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ti dé òdìkejì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Aago títì ọkọ̀ kò bá ti ẹlẹ́sẹ̀ mu rárá. Èmi kò ní kí ẹni tó kó ọmọdé lọ́wọ́ dán an wò.

Ẹ fi aago fóònù sí wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú àkókò tí títì máa tì. Bó bá ti dún, ẹ kó ẹrù. Kò sí tíì mìíràn, kò sí fọ́tò kan péré. Bí ẹ bá ti ré kọjá ojú irin Beal, tí ẹ wo aago, tí ó ṣì ku ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbésẹ̀ yìí ti yọrí.

(Ọ̀nà kejì wà, tí tọkọtaya tí kò kó ọmọ lọ lè yàn: kí ẹ wà nínú erékùṣù nígbà tí títì bá tì. Ọkọ̀ àwọn àlejò á ti lọ tán, gbogbo abúlé á sì pa lọ́lọ́. Ẹ rí i dájú pé ẹ ní oúnjẹ, àti pé àsìkò tí títì yóò tún ṣí kò bọ́ sí ọ̀gànjọ́.)

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ lo ọjọ́ tó kù fún Bamburgh àti Seahouses

Bí ó bá jẹ́ láàárín oṣù Karùn-ún sí àárín oṣù Keje, ẹ fi àárọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Seahouses lọ sí Farne, torí pé ìgbà yẹn ni àwọn ẹyẹ puffin ẹlẹ́nu aláràbarà máa ń wà níbẹ̀. Kí oṣù Keje tó parí, wọ́n á ti máa kó lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ atukọ̀ bóyá ọkọ̀ yín yóò jẹ́ kí ẹ sọ̀kalẹ̀ sí erékùṣù tàbí yóò kàn yí i po, nítorí iye owó wọn yàtọ̀. Káàdì National Trust lè yọ owó ìsọ̀kalẹ̀ kúrò, kò lè yọ owó ọkọ̀. Fìlà tí mo ní kí ẹ mú, ibí ni ẹ ó ti lò ó: ẹyẹ tern tó bá ń ṣọ́ ẹyin rẹ̀ a máa já ṣòòròṣò láti òkè, a sì máa ṣá ènìyàn lórí títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ.

Ní ọ̀sán, ẹ lọ sí Bamburgh. Ilé olódi rẹ̀ wà lórí àpáta, etíkun sì tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ilé àkójọ Grace Darling tó wà nínú ìlú náà kò gba owó: ọmọbìnrin ọdún 22 ni, tí bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ iná ojú òkun, tí òun àti bàbá rẹ̀ sì tu ọkọ̀ kékeré nínú ìjì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1838 láti yọ àwọn tí ọkọ̀ wọn fọ́ sórí àpáta. Àwọn ọmọbìnrin mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

*Ìkìlọ̀ lórí wíwẹ̀ nínú òkun.* Omi yìí kò jọ ti Badagry. Kódà nínú oṣù Kẹjọ, òtútù rẹ̀ lè gba èémí lẹ́nu ẹni tó bá bẹ́ wọ̀ ọ́ lójijì. Ẹ wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró níbi tí kò ju ìbàdí lọ, kí ẹ sì wà láàárín àsíá pupa àti yẹ́lò níbi tí wọ́n bá ti ri í mọ́lẹ̀. Bí omi bá ń fa ẹnì kan lọ, kó má bá a jà: kó dojú sókè, kó na apá àti ẹsẹ̀, kó léfòó títí èémí rẹ̀ yóò fi balẹ̀, kó tó gbé ọwọ́ sókè kígbe. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí lórí iyanrìn kí wọ́n tó wọ omi. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti lè dùbúlẹ̀ fi hàn yín, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ní ti àwọn kippers, ẹ fi ọ̀rá mẹ́ta di wọ́n, kí ẹ sì dé kúlà náà pa. Ọ̀rá kan ni àwa lò. A dé Lọ́ńdọ̀nù tán, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkọ̀ fi ń rùn, àwọn ọmọ sì kọ̀ láti wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwé.